Igi Obì Etí Odò Òfìkì

Lọ́jọ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àwọn oníṣòwò Gàm̀bàrí wọ abúlé náà nínú ọyẹ́, ni Ògúndìran onílẹ̀ gbé agbádá sányán wọ̀, ó sì ní kí wọ́n ká gbogbo obì orí igi Mùyìbátù fún òun.

Ogun ló lé Mùyìbátù wá láti ìlú igbó, pẹ̀lú Àmúdà ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó gbin obì kan sétí odò, ó sì ń pọnmi sí i ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó sọ fún Ògúndìran pé òun fẹ́ gbìn ín, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Obì, nínú ọ̀dàn? Kúkú gbin iyọ̀ mọ́ ọn."

Ní báyìí tí igi ti so, wọ́n dé iwájú Baálẹ̀. Mùyìbátù kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò doríkodò.

"Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Ẹni tó gbin igi ló ni igi."

"Àlejò kì í gbin igi láìgbàṣẹ," ni Ògúndìran wí. "Ṣé mo gbà fún ọ ni?"

"Ẹ rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ ò kọ̀."

Baálẹ̀ dá onílẹ̀ láre. Ìdájọ́ tó mọ ojú onílẹ̀ nìkan kì í ṣe ìdájọ́, Mùyìbátù sì sọ ọ́ níbẹ̀: "Bí ẹ bá ká a, ẹ jí i ni."

Ògúndìran ká a. Àgbẹ̀ ọkà bàbà ni. Ó sá obì náà sórí àpáta kí ó gbẹ bí ọkà ṣe ń gbẹ. Obì náà hunjọ, ó dúdú. Gàm̀bàrí kan gé e jẹ, ó tu ú dànù.

Ògúndìran wá sí ẹnu ọ̀nà Mùyìbátù. "Ìyá Àmúdà, bá mi fi ewé tútù di ti ọdún tó ń bọ̀ kí ó má baà gbẹ. N ó fún ọ ní ìlàjì."

"Ìlàjì ohun tó jẹ́ tèmi? Ẹ lọ sọ níwájú Baálẹ̀ pé èmi ni mo nigi."

"Bí n kò bá lọ ńkọ́?"

"Ẹ máa sá a nìṣó."

Kí òjò tó dé, Ògúndìran ti lọ sọ ọ́.

Ogun parí. Àwọn tó sá wá padà sílé. Mùyìbátù dúró ti igi rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìránṣẹ́ òyìnbó dé pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀, ó ní ìjọba ti gba etí odò. Ògúndìran, tó ti darúgbó, bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló lè gba ilẹ̀ bàbá mi?"

Mùyìbátù ti jókòó sídìí obì. Ó na ọwọ́ sí Ògúndìran.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ kọ̀."

Ògúndìran ká agbádá rẹ̀ sókè, ó jókòó tì í. Okùn náà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó dúró.