Tọ́fì Arlys Lórí Àtẹ Elégédé

Bí ẹ bá gba ọ̀nà oko tó wọ ìlú Halvor nínú oṣù kẹwàá, ẹ máa rí àtẹ Arlys Brekke lẹ́bàá ọ̀nà: elégédé ńláńlá, ápù nínú agbọ̀n, àti agolo kọfí kan tí wọ́n dá ihò sí lórí. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ohun tó bá wù ọ́ ni wàá mú, wàá ju owó sínú agolo, wàá sì máa bá tìrẹ lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní apá ibẹ̀ yẹn ní ìpínlẹ̀ Minnesota, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nìyẹn, agolo náà kò sì sọnù rí.

Inú Arlys ń dùn lọ́dún yẹn. Ó ti pẹ́ tí làkúrègbé ti ká a lọ́wọ́ kò débi pé kò lè hun súẹ́tà mọ́, dídi bọ́tìnnì ara rẹ̀ pàápàá di ogun. Dókítà ló yẹ̀ ẹ́ wò, tó fọwọ́ sí i pé kó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀, kó gba káàdì, kó lè máa fi igbó ṣe oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni o, igbó tí ẹ mọ̀ yẹn náà. Nígbà tí òfin sì tún gba ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún láyè láti gbin díẹ̀ sílé, Arlys gbin igi mẹ́rin sínú ilé gíláàsì tí ọkọ rẹ̀ kọ́ kó tó kú, ó sì fi àgádágodo tì í bí òfin ṣe wí.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ oko kì í kórè kékeré. Igi mẹ́rin náà ya bo gbogbo ilé gíláàsì. Arlys sè é mọ́ bọ́tà, ó fi bọ́tà náà ṣe tọ́fì, ó sì fi bébà dídán wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń wé tọ́fì tó ń pín fáwọn ọmọ ìlú láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń tú. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tuntun tó hun.

Ó wá rò ó pé kí ló dé tóun nìkan á fi máa jẹ̀gbádùn. Ní Halvor, ẹni tí ìkórè rẹ̀ bá pọ̀ kì í dá a jẹ. Bí o kò bá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn aládùúgbò á fi elégédé kún un kó o tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ló bá gbé abọ́ tọ́fì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n ápù láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, ó kọ ọ́ sórí páálí pé “Fún àgbàlagbà tí ara ń ro,” ó sì bá tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi táwọn obìnrin ti ń yan àkàrà ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní léfsè.

Nígbà tó máa fi dé, Dorrie Lundeen ló bá nídìí àtẹ, ó ń yan elégédé. Dorrie ni apòògùn ní ilé ìtajà tí Arlys ti ń gba oògùn kó tó máa gbin tiẹ̀. Arlys ló sì kọ́ ọ ní Bíbélì ní kékeré. Abọ́ tọ́fì ti ṣófo. Inú Arlys dùn, ó sọ ohun tó wà nínú abọ́ náà àti bí wọ́n ṣe kó o tán wàràwàrà.

Dorrie gbé elégédé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ìyáàfin Brekke, ṣé tọ́fì tó nígbó nínú lẹ gbé síta?”

“Mi ò tà á o. Ẹni tó bá wù ló ń ju dọ́là kan sínú agolo. Mo sì ní káàdì.”

“Orúkọ yín nìkan ló wà lórí káàdì yẹn, mà. Tí dọ́là kan bá sì ti bọ́ sínú agolo, ọjà lẹ tà yẹn, ẹ ò sì níwèé àṣẹ. Ẹ lè fún àgbàlagbà bíi tiyín ní díẹ̀, lọ́wọ́ sí ọwọ́, láìgba kọ́bọ̀. Kì í ṣe kẹ́ ẹ gbé e sẹ́bàá ọ̀nà.”

Arlys wá rántí àpò tó ti dì sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ní Iowa, ìpínlẹ̀ tó múlé tì wọ́n, ó béèrè bóyá ìyẹn kò léwu. Dorrie dijú. Ó ní kó má tiẹ̀ gbé e débi ilé ìfìwéránṣẹ́, torí ohun tí Minnesota gbà láyè, Iowa kò gbà á, ìjọba àpapọ̀ tó ni ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ṣì kà á sí ìwà ọ̀daràn.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni Arlys ti rí páálí rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ti gbé e ṣubú. Ipasẹ̀ wẹ́wẹ́ yí i ká. Àwọn elégédé kéékèèké ti lọ.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ni. Ọ̀sán ló yẹ kí wọ́n wá mú elégédé bíi ti ọdọọdún, ṣùgbọ́n òjò ṣú, olùkọ́ wọn sì ti tètè kó wọn wá. Kò sì sí ọdún tí wọn kì í bá tọ́fì lórí àtẹ yẹn.

 Arlys jókòó sórí elégédé kan, ẹ̀rù bà á débi pé kò lè sunkún. Dorrie ti ń pe olùkọ́ lórí fóònù. Arlys kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ojú Dorrie ló ń wò.

Nígbà tó yá, ojú náà rọ̀. Àwọn ọmọ kò fẹnu kan nǹkan kan. Òfìfo ni wọ́n bá abọ́, àwọn kan tiẹ̀ ń bínú pé Ìyá Àgbà Brekke di ahun lọ́dún yìí. Ìgbà yẹn ni omijé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bọ́ lójú Arlys.

“Ta ló wá kó o?” ni Dorrie béèrè.

Níwájú ilé tó kọjú sí àtẹ náà, ọkọ̀ kan ń dún, kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Lempi Saari, ọ̀rẹ́ Arlys tó ni ilé náà, ló ti fi kọ́kọ́rọ́ onírìmóòtù taná sí i látinú ilé kó lè móoru kó tó wọ inú rẹ̀. Àwọn méjèèjì fò kọjá ọ̀nà.

Wọ́n bá Lempi lórí àga, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, ó ń fi ẹni tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti mú omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Arlys, ó wọ táì,” ló wí. “Òjò lásán ló fẹ́ sọ pé ó máa rọ̀, ó sì lọ wọ táì.”

Dorrie gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jáde lọ paná ọkọ̀. Arlys béèrè ibi tí tọ́fì wà. Lempi ṣí àpamọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

“Mo rí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ yẹn tó ń bọ̀,” ni Lempi wí. “Páálí rẹ ti ṣubú. Ta ni ìwọ rò pé ó máa kó tọ́fì kúrò níwájú wọn? Mo sáré dé ibẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yìí.”

Arlys dì mọ́ ọn.

“Mo wá jẹ ẹyọ kan,” ni Lempi ń bá a lọ. “Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo jẹ méjì sí i. Orúnkún ṣì ń ro mí o, ṣùgbọ́n kò bí mi nínú mọ́.”

Dorrie ní ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn: igbó tí a bá jẹ lè tó wákàtí méjì kó tó ṣiṣẹ́, ẹni tí kò bá ní sùúrù á ti jẹ ìkejì. Ó béèrè oògùn tí Lempi ń lò, ó pe ibùdó tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ májèlé, ó sì ṣe bí wọ́n ṣe wí. Wọ́n ní kí wọ́n fún un lómi, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n sì pe ọkọ̀ pàjáwìrì bí èémí rẹ̀ bá ń há tàbí tí wọ́n bá jí i tí kò jí. Wọ́n jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyọnu kankan kò sí, àfi pé Lempi jẹ oúnjẹ alẹ́ Arlys tán pátá, ó tún bi í bóyá ó kù.

Lọ́jọ́ ajé, Arlys ṣe tọ́fì gidi, bọ́tà àti ṣúgà lásán, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ fáwọn ọmọ nílé ìwé. Ìyókù tọ́fì tó nígbó nínú ti wà nínú àpótí ìpẹja ọkọ rẹ̀, ó kọ “IGBÓ” gàdàgbà sí i lára, ó sì tì í. Bí orúnkún Lempi bá ń ro ó, ó máa ń kọjá sódìkejì ọ̀nà lálẹ́, á gba ààbọ̀ ẹyọ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, á sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà, oore ni igún ṣe tó fi pá lórí, ẹ má jẹ́ kí oore tiyín kó bá yín. Àyè tí òfin fún yín ní ààlà. Káàdì oògùn, ẹni tó lorúkọ ló wà fún. Láìsí ìwé àṣẹ, ẹ má tà á, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Bí ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ má wakọ̀. Ẹ jẹ díẹ̀, kí ẹ ní sùúrù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ kọ nọ́ńbà ibùdó májèlé sára fíríìjì yín. Òfin ìpínlẹ̀ kan kò jọ ti èkejì, ó sì ń yí padà, nítorí náà ẹ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ tì í pa mọ́ fọ́mọdé. Tọ́fì tí o kò bá ní wà níbẹ̀ láti wo ojú ẹni tó máa jẹ ẹ́, má gbé e sílẹ̀.