Ohùn Tí Aago Gbé Lọ Ra Búrẹ́dì

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Abẹ́ pèpéle ni díjéè wà, ó na gbalaja sílẹ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń so wáyà mọ́ wáyà, ni ẹsẹ̀ obìnrin kan bá dúró síwájú rẹ̀ nínú sálúbàtà aláwọ̀ ewé. Orin ń jáde nínú sípíkà tó ń dán wò, ẹsẹ̀ yẹn sì ń bá orin náà lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń lù ú, ó ń lù ú, àfi bó ṣe dáwọ́ dúró lójijì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ohùn kan sọ látòkè, "ta ló ń lé orin yín?"

Díjéè fẹ́ yọrí dáhùn, ló bá fi orí gbá igi pèpéle. Kó tó ríran dáadáa, obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, gìtá wà lẹ́yìn rẹ̀, àánú wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ń yọ lábẹ́ àánú náà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Orí yín ńkọ́?"

"Orí mi wà níbẹ̀," ó ń fọwọ́ ra á. "Kò sẹ́ni tó ń lé orin. Mo kàn sún eré rẹ̀ síwájú díẹ̀, kó yára, kó lè bá èyí tó kàn mu ni."

"Ẹ sún eré rẹ̀ síwájú, ohùn rẹ̀ sì bá a gòkè. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ẹni tó ń kọ ọ́ á rò pé wọ́n ń fún òun lọ́rùn."

Kò gbọ́ ọ. Ká má parọ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú obìnrin náà ló ń wò.

Aago ni wọ́n ń pe díjéè yìí, nítorí kì í pẹ́ síbi iṣẹ́. Kó tó já ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀yin àti òun á ti dá iye, ẹ ó sì ti san apá kan. Ó dá oníbàárà tó máa sọ pé "a jọ máa rí ara wa" mọ̀ látòkèèrè. Ní ti òwò, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá di ká gbọ́ orin dénú egungun, ẹ̀rọ ló ń bá a gbọ́ ọ. Ẹ má sọ fún un pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ọ̀gá kan tó ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń bá ṣàjọyọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà tó kan onígìtá, ó jókòó sórí àga onígi kan, ó di ojú, ó kọrin. Àwọn tó ń jẹun gbàgbé oúnjẹ sẹ́nu. Ọ̀gá tó ń fẹ̀yìn tì yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ún, ó ń nu ún, bẹ́ẹ̀ awò ò dọ̀tí.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Aago bá a lẹ́nu ọ̀nà, ike oúnjẹ kan wà lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Èló lẹ bá wọn dá?"

"Mi ò dá iye kankan. Wọ́n ní Ọlọ́run á bù sí i fún mi, wọ́n á tún pè mí."

"Háà! Ìrẹsì ni wọ́n fi sanwó fún irú ohùn yẹn?"

"Ẹran wà níbẹ̀," ó dáhùn, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Àrùn rẹ̀ nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ owó bá ti dé, ẹ̀rín ni yóò máa rín. Ó lè kọrin níwájú igba èèyàn kí ara rẹ̀ má gbọ̀n, ṣùgbọ́n kó dárúkọ iye rẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, kò lè ṣe é.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwé ni obìnrin náà ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin. Tí wọ́n bá jáde, á yà sí yàrá tí Aago ń kó ẹ̀rọ sí, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ilé ìfọṣọ. Aago á ṣe bí oníbàárà, á fẹ ikùn síwájú.

"Ìyá olórin, èló lẹ máa gbà?"

"Ohun tẹ́ ẹ bá ní lọ́wọ́..."

"Ó ti bà jẹ́! Tún un ṣe. Dárúkọ iye rẹ, kó o wá panu mọ́. Jẹ́ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ sọ."

Á gbìyànjú, á mú ojú le, ni ẹ̀rín á bá já gbà á lẹ́nu, Aago náà á bá a rín in títí omi á fi jáde lójú àwọn méjèèjì. Òun náà máa ń fẹ́ kọ́ Aago. Á ta okùn gìtá kan, á ní kó mú ohùn rẹ̀. "Ẹ̀rọ mi ti mọ ìyẹn," ni Aago á wí, á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tó yá, "ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó dà bẹ́ẹ̀.

"Ṣó o mọ̀ pé mi ò kì í dúró de ẹnikẹ́ni?" Aago sọ fún un níjọ́ kan. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà yẹn. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. N ò mọ ọ̀nà míì tí mo lè gbà sọ ọ́."

Obìnrin náà ta okùn kan, ó fọwọ́ bò ó kó má dún mọ́. "Èmi náà ti ń yára kọ́ àwọn ọmọ yẹn lórin kí n lè débí," ó ní. "Orí ló yọ wọ́n tí wọn ò tíì gbàgbé ohun tí mo kọ́ wọn."

Ṣùgbọ́n bàbá wà. Fèrè ni bàbá rẹ̀ fun títí irun rẹ̀ fi funfun, kò sì fìgbà kan dá iye. Orin kì í ṣe ọjà, ohun tó máa ń sọ nìyẹn, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń wá oúnjẹ sílé títí tó fi kú. Nígbà tí àwọn díjéè gbòde, àwọn tó ń pè é ò tiẹ̀ dágbére fún un. Ó gbé fèrè kọ́ ara ògiri, ó jókòó síwájú ilé, ó ń tún bàtà ṣe.

Aago lọ kí i, ó wọṣọ bí ẹni tó ń lọ sílé ẹjọ́.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Díjéè ni mí, sà."

"Mo ní iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Orin ni, sà."

"Irọ́ ni. Iná ló ń kọrin, ìwọ kàn ń wò ó." Bàbá kan ìṣó kan mọ́ gìgísẹ̀ bàtà. "Mi ò ní fọmọ mi fún ẹni tí kò létí. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má wí pé mi ò gbọ́ tẹnu rẹ. Màá wá gbọ́ yín lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, màá dá ọ lóhùn."

Wọ́n mú ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì tuntun kan. Onígìtá fúnra rẹ̀ ló dá iye níbẹ̀, ẹ̀rín díẹ̀ péré ló rín. Orin tí bàbá rẹ̀ ṣe fún ìyá rẹ̀ nígbà èwe wọn ló fẹ́ kọ. Wọ́n ti gba ìlù àti gìtá rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ní ìwọ̀n ohùn tí ọ̀fun rẹ̀ lè gbé gẹ́lẹ́.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀, ọgbà kún, àwọn èèyàn ń jó. Bàbá jókòó níwájú, fìlà wà lórí itan rẹ̀. Aago wo bí ijó ṣe gbóná, kò fẹ́ kó tutù. Ó na ìka, ó sún eré orin ìyá síwájú kó lè wọnú orin tó ń lọ láìsí àlàfo. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Inú rẹ̀ dùn, ó gbójú sókè kí olólùfẹ́ rẹ̀ lè yìn ín.

Iṣan ọrùn obìnrin náà ló rí. Orin ti gòkè kọjá ibi tí wọ́n jọ fi í sí, onígìtá sì ń gùn ún tẹ̀ lé e pẹ̀lú agídí. Nígbà tó dé ibi tí ọkọ ti ń pe ìyàwó rẹ̀ kó jáde wá wo òṣùpá, ohùn rẹ̀ ya. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Obìnrin náà kọrin náà parí, èmi yìn ín fún ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ń di gìtá rẹ̀ sínú àpò.

"Mo sọ ọ́ fún ọ lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé," ó ní, kò pariwo. "Kí n tiẹ̀ tó mojú rẹ."

"Àwọn èèyàn ń jó, mi ò fẹ́ kó—"

"Mo mọ̀. Àwọn lò ń gbọ́. Èmi ni o ò gbọ́."

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Aago pè é títí, kò gbé e. Ẹni tí kì í pẹ́ síbi iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ó ń gbọ́ ohùn tó ya yẹn nínú oorun, nínú ọkọ̀, nínú omi tó ń ṣàn ní ilé ìfọṣọ. Ó dùn ún débi pé láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó mọ̀ pé olólùfẹ́ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ó lọ dúró síwájú bàbá.

"Ọmọ mi ò sí nílé."

"Ẹ̀yin ni mo wá bá, sà. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tà á, ohun tí mò ń tà gan-an ni n ò mọ̀." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ṣùgbọ́n ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá iye."

Òòlù dúró sókè. "Iye kí ni?"

"Iye ẹ̀kọ́, sà. Iṣẹ́ yín ni."

Bàbá rọra sọ òòlù kalẹ̀. Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ti gbá a léjìká, wọ́n ti gbàdúrà fún un títí ó fi darúgbó. Láti ọjọ́ tó ti gbé fèrè sẹ́nu, kò sẹ́ni tó bi í léèrè iye tó ń gbà rí. Ó wúkọ́. Ó wo ògiri. Ó tún wúkọ́.

"Búrẹ́dì," ó wí níkẹyìn. "Búrẹ́dì kan láràárọ̀."

"Ó kéré, sà."

"Má jẹ́ n bú ọ! Mo ti dá a. Kò tíì mọ́ mi lẹ́nu ni." Ó fa Aago sún mọ́ra. "Kó o má sì sọ fún ọmọ mi. Mi ò fẹ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nítorí obìnrin."

"Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wá, sà."

"Mo mọ̀. Ṣáà má sọ fún un."

Ẹ̀kọ́ náà kò ní ẹ̀rọ nínú. Bàbá á kọ ohùn kan, "hùùùn", Aago á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á pa ètè dé, á máa fimú gbé e lọ ra búrẹ́dì ní oríta. Ó gbọ́dọ̀ gbé e padà délé bó ṣe gbé e lọ, kò gbọdọ̀ lọ sókè, kò gbọdọ̀ wá sílẹ̀. Ẹ bá n wo ọkùnrin gìrìpá tó ń hùn láàárín títì bí ẹni tí eyín ń dùn! Oníbúrẹ́dì á kí i, kò ní lè dáhùn, á kàn máa nàka. Ìyá oníbúrẹ́dì náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbàdúrà.

"O ti jù ú nù lọ́nà," ni bàbá á wí tó bá dé. "Padà lọ wá a lọ́la."

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé fáànù yàrá òun ní ohùn tirẹ̀, pé ohùn géètì aládùúgbò lọ sílẹ̀ ju ti fèrè ọkọ̀ lọ. Lẹ́nu iṣẹ́, kò lé orin kankan mọ́. Èyí tó bá èyí mu fúnra wọn ló ń so pọ̀. Àwọn tó ń jó kò mọ ohun tó yí padà, wọ́n kàn ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ilé ìwé wà ní ìsinmi, ó ń bọ̀ láti oríta, búrẹ́dì wà ní abíyá, ohùn wà lẹ́nu, ni wọ́n bá ko ara wọn lójú.

"Ẹ káàárọ̀ o," onígìtá wí. "Ẹ" yẹn gún Aago bí abẹ́rẹ́.

Ó fẹ́ dáhùn. Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́ dáhùn. Ó nawọ́ sí ọ̀fun rẹ̀, ó nawọ́ sí búrẹ́dì, ó nawọ́ sọ́nà ilé.

"Mo ń kí yín. Àbí ìkíni mi náà ti di ohun tẹ́ ò gbọ́?" Ó yí padà. "Ó dáa."

"Hùùùn," ni Aago wí.

Obìnrin náà dúró. Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Ó wo búrẹ́dì, ó wo ẹnu tó pa dé, Aago sì rí i tí gbogbo ojú rẹ̀ yí padà.

"Ohùn àkọ́kọ́ tí bàbá mi kọ́ mi nìyẹn," ó ní. "Eyín ọmú ṣì wà lẹ́nu mi. Ọ̀nà yìí náà ni. Búrẹ́dì náà ni. Láti ìgbà wo lo ti ń ṣe é?"

Aago na ìka sókè, ó ń kà á, ìka tán lọ́wọ́ rẹ̀. Omi bọ́ lójú obìnrin náà. Ṣùgbọ́n èémí Aago ti ń tán lọ, ohùn náà ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ni olólùfẹ́ rẹ̀ bá la ẹnu, ó gba ohùn náà lẹ́nu rẹ̀. Aago mí. Nígbà tí èémí tirẹ̀ náà tán, Aago gbà á padà. Bí wọ́n ṣe rìn délé nìyẹn, wọn ò fọwọ́ kan ara wọn.

Bàbá gbọ́ wọn kó tó rí wọn. Ó wọlé, ó gbé fèrè sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó fi ìdí ẹ̀wù nu eruku rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ fun, ariwo ni. Èkejì jáde, ó bọ́ sórí ohùn àwọn méjèèjì, ó sì jókòó síbẹ̀.

"O gbé e délé," bàbá wí. Ojú rẹ̀ ń dán. "Kí lo wá fẹ́ o, Aago?"

"Ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́, sà."

"Ní tèmi, mo ti gbà. Tirẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Bá a ṣàdéhùn, ṣebí ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe."

Aago kọjú sí i. "Ìfẹ́ mi, kí lo fẹ́ gbà?"

"Iṣẹ́ tá a bá jọ ṣe, orúkọ àwa méjèèjì ni á wà lórí rẹ̀. Kó o tó gbọ́ èrò, èmi ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá mi á máa bá wa fun fèrè, wọ́n á sì sanwó fún un kó tó yọ ọ́ nínú àpò."

"Èmi ò tíì sọ pé—" bàbá bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákẹ́, mò ń dá iye." Ó wo ojú Aago. "Kó o sì fẹ́ mi, kó o má pẹ́ wá."

Ó panu mọ́. Aago ń dúró de ẹ̀rín, ẹ̀rín ò wá. Ó dúró síbẹ̀ bí Aago ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ le, ó di okùn àpò rẹ̀ mú, ó ń dúró kí oníbàárà fúnra rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ sọ.

"Mo gbà," Aago wí. "Mi ò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀."

Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó wá rẹ́rìn-ín.