Kíkẹ́lọmọ Ò Lè Fẹ̀yìn Lélẹ̀

Ọjọ́ tí Kíkẹ́lọmọ kọ́kọ́ pàdé Ìdrís Adéagbo, ẹ̀ṣẹ́ ló fi kí i. Ẹ̀ṣẹ́ náà bà á lẹ́nu, ètè rẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ta sórí ẹní rọ́bà tó wà nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìjà kọ́ ló gbé wọn débẹ̀. Kíláàsì yógà ni, nínú gbọ̀ngàn kan lọ́nà Ìbàdàn, láàárọ̀ Sátidé. Télọ̀ ni Kíkẹ́lọmọ, ọmọ Ilare ní Ifẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọrùn rẹ̀ ti gan débi pé kò lè bojú wẹ̀yìn mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dẹ ara.

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí Ìdrís, tó jẹ́ tíṣà wọn, fi ní kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n dijú.

"Ìdùbúlẹ̀ òkú là ń pè é," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbà yín. Ẹ tú èjìká yín sílẹ̀."

Èjìká gbogbo èèyàn rọ̀. Ti Kíkẹ́lọmọ le bíi pákó. Ìdrís kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kàn án níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ibi tí ẹ̀ṣẹ́ ti wá nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà!" Kíkẹ́lọmọ ti fò dìde. "Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é."

Ìdrís fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ṣùgbọ́n ta lẹ fẹ́ lù gan-an, àǹtí? Torí ó jọ pé èmi kọ́."

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó jókòó, ó sọ ọ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọkùnrin kan já ilẹ̀kùn wọn wọlé. Wọ́n gbá a léjìká mú, wọ́n sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n wọ́ bàbá rẹ̀ kúrò lórí ẹní, wọ́n sì ṣá a pa lójú Kíkẹ́lọmọ. Ẹ̀yìn ni bàbá náà fi lélẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà kò fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́.



"Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni mí," ni Ìdrís wí. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jóná mọ́lé nínú ìjà yẹn kan náà. Tí ẹ ò bá padà wá mọ́, ó yé mi."

Ó padà wá. Ó ń wá ní Sátidé gbogbo. Ìdrís kò fọwọ́ kàn án mọ́, ẹnu lásán ló fi ń darí rẹ̀. "Fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ná, Kíkẹ́. Di ìkúùkù. Dì í gan-an, kó dùn ọ́. Ó yá, mí síta, kí o tú u sílẹ̀."

Ní oṣù karùn-ún, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó dijú, omijé ṣàn wọ etí rẹ̀ méjèèjì.

"Fọwọ́ kàn mí," ni ó wí.

Ìdrís gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e léjìká. Kíkẹ́lọmọ kò lù ú. Ìfẹ́ ló wà láàárín wọn láti ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì sì mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Ìdrís wá kí ìyá Kíkẹ́lọmọ ní Ilare. Olúfẹ́mi, ẹ̀gbọ́n Kíkẹ́lọmọ, tó ń tẹ irin níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, wọlé bá wọn, ọ̀pá irin kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ ibo ni yín?"

"Modákẹ́kẹ́ ni, sà."

Olúfẹ́mi yíjú sí àbúrò rẹ̀. "O mú un wọ ilé yìí? Ilé tí ẹ̀jẹ̀ Bàbá ta sí?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọmọdé ni òun náà nígbà…"

Irin ọwọ́ Olúfẹ́mi ti ba Ìdrís. Apá òsì Ìdrís ṣẹ́, wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá dá igi ìdáná. Irin tún wá, ó bà á léjìká. Tábìlì dojú dé, ìgò fọ́ káàkiri ilẹ̀.

Nígbà náà ni Ìdrís, tí ẹnikẹ́ni kò rí ìbínú rẹ̀ rí, forí sọ Olúfẹ́mi láyà. Àwọn méjèèjì lulẹ̀. Ó gbé orúnkún lé e láyà, ó fi ọwọ́ kan tó kù fún un lọ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi jóná!" ni ó ń pariwo. "Ó jóná! Ta ni èmi pa?"

Ojú Olúfẹ́mi ti ń yọ síta. Ìyá ká ọwọ́ lórí, ó ń ké. Kíkẹ́lọmọ kò fà á. Ó kúnlẹ̀ sínú àfọ́kù ìgò, ó gbẹ́nu sí i létí.

"Ìdrís. Ọkọ mi. Mí síta."

"Ó ṣẹ́ mi lápá, Kíkẹ́."

"Mo rí i. Mí síta. Tú u sílẹ̀."

Ìka kan tú. Òmíràn tẹ̀ lé e. Olúfẹ́mi mí bí ẹni tó yọ nínú omi.

Ìyá he irin náà nílẹ̀, ó jù ú síta. 

"Olúfẹ́mi, mo kúnlẹ̀ bẹ àwọn tó pa bàbá yín. Wọn ò dúró. Eléyìí dúró. Bí àbúrò rẹ bá fẹ́ ẹ, mo ti gbà."

"Kí n má rí yín mọ́," ni Olúfẹ́mi wí, ó sì jáde.

Ní ọsibítù, lẹ́yìn tí wọ́n di apá rẹ̀ tán, Ìdrís kò lè wo ojú Kíkẹ́lọmọ.

"Mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìsinmi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pààyàn. Ṣé o ṣì fẹ́ mi?"

"Ẹ̀rù rẹ bà mí," ni ó dáhùn. "Irọ́ ni mo máa pa tí mo bá ní kò bà mí. Mo fẹ́ ọ síbẹ̀."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù, wọ́n sì wá jẹun nílé ìyá ní Ilare. Kíkẹ́lọmọ yọjú síta, ó rí Olúfẹ́mi ní òdìkejì títì, nínú aṣọ iṣẹ́, ó dúró sínú oòrùn. Ó sọdá lọ bá a.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wọlé."

"Mi ò lè wọlé, Kíkẹ́. Kì í ṣe òní."

Kò bẹ̀ ẹ́. Ó padà lọ gbé àga oníke kan àti abọ́ ìrẹsì wá, ó gbé àga náà sábẹ́ ìbòòji. Ìdrís dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

Olúfẹ́mi wo Ìdrís títí. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó gba abọ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.