Irọ́ Tí Gbádé Pa Mọ́ Òkú

Ní ọdún 1956, Gbádé fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ ní Marina, ó di ajẹ́ńtì ìnṣọ́ránsì tó dá dúró fúnra rẹ̀. Ó gba yàrá kan ní Yaba, ó gbé tábìlì sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bá àwọn ènìyàn kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, pé bí ikú bá dé, kí ìyàwó àti ọmọ má baà jìyà.

Iṣẹ́ rere ni. Ẹni tó ń ṣe é ni kò dára.

Gbádé kì í mutí, kì í lu ìyàwó. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Yóò rẹ́rìn-ín sí ọ, yóò gbé ọmọ rẹ jó, ibi tí o máa tẹ̀ka sí nìkan ló sì ń wò.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ènìyàn méjì péré ló rí. Ojú ń tì í, nítorí ó ti fọ́nnu púpọ̀ kí ó tó kúrò ní Marina.

Nígbà náà ni ó pàdé Yẹ̀kínnì, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Mushin. Bí wọ́n ti jókòó, ikọ́ gbé ọkùnrin náà. Ó fi aṣọ nu ẹnu, Gbádé sì rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ náà.

"Ọ̀gá, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń wúkọ́," ni Yẹ̀kínnì wí. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ o."

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà bèèrè bóyá ikọ́ ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ilé-iṣẹ́ náà kò ní gba Yẹ̀kínnì, Gbádé kò sì ní rí owó lórí rẹ̀. Gbádé kọ ọ́ pé rárá.

"Mo ti kọ ọ́," ni ó wí fún Yẹ̀kínnì tí kò mọ̀wé kà, ó sì na ìǹkì sí i kí ó tẹ̀ka.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọnìkejì wà níwájú rẹ̀, èrè ló ń rò. Ṣé irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò kó ọ nírìíra?

Kò pé ọdún kan tí Yẹ̀kínnì fi kú. Ilé-iṣẹ́ náà wádìí, wọ́n ní olóògbé parọ́ nípa àìsàn rẹ̀, àwọn kò ní san kọ́bọ̀. Nígbà tí Saidat, ìyàwó rẹ̀, jáde opó, ó mú lẹ́tà wọn lọ sí Yaba kí Gbádé bá òun kà á.

Gbádé kà á. "Ìyá Mùktárù," ni ó wí, "ọkọ yín ló fi àìsàn pamọ́ fún mi. Ká ní ó sọ ọ́ ni, ǹ bá kọ ọ́."

Saidat kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í. Kì í ṣe òpùrọ́ tẹ́lẹ̀, n ò mọ ohun tó dé bá a. Ẹ má fi sọ́kàn, ẹni tó ti kú ni."

Ó ń bẹ Gbádé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ Gbádé.

Bí obìnrin náà ti jáde, èébì gbé Gbádé. Ó bì sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rín ara rẹ̀ rí i lára, ohùn ara rẹ̀ rí i lára. Ó fọ ẹnu, ó tún un fọ̀, ìdọ̀tí náà kò kúrò.

Ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọlápàdé lọ, tó ń tẹ̀wé ní Èbúté Mẹ́tta, ó sì rò ó fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. "Mo kórìíra ara mi," ni ó wí.

Ọlápàdé kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Ohun tó o ṣe kóni nírìíra lóòótọ́," ni ó dáhùn. "Ṣùgbọ́n bí o bá kàn ń kórìíra ara rẹ, ara rẹ náà lo ṣì ń wò. Jésù rí gbogbo ẹ̀gbin yìí kí ó tó kú fún ọ. Sọ ọ́ fún un bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, kí ó wẹ̀ ọ́."

"Ṣé n ò ní lọ bá Saidat ní Mushin mọ́ nìyẹn?"

"Wàá lọ. Ẹni tó bá wẹ̀ kì í padà wọ aṣọ eléèérí."

Wọ́n kúnlẹ̀ láàárín bébà. Gbádé, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kò rí ju "Olúwa, ṣàánú mi" lọ. Ó tó. Jésù gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú Saidat àti àwọn ará ilé. "Yẹ̀kínnì kò parọ́," ni ó wí. "Ó ní kí n kọ ọ́. Èmi ni mo parọ́, tí mo tún pa á mọ́ ọn lẹ́yìn ikú."

Sàlíhù, àbúrò olóògbé, gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí. Saidat dì í mú.

"Láti ọjọ́ yẹn," ni obìnrin náà wí, "ni mo ti ń bínú sí ọkọ mi nínú sàréè." Ó wọlé lọ. Kò dárí jì í lọ́jọ́ náà, Gbádé kò sì kán an lójú.

Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, ó jẹ́wọ́. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó san ẹ̀tọ́ Saidat, ṣùgbọ́n wọ́n san án. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni Gbádé ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ìwọ tí ò ń kàwé yìí, bóyá inú ń bí ọ sí Gbádé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ìwọ di ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ lé lórí? Ta ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ lo ṣẹ̀ ẹ́? Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì kò lè bo òórùn ẹ̀ṣẹ̀ náà mọ́lẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Má sọ pé ó di ọ̀la. Yẹ̀kínnì náà ní ọ̀la lọ́kàn. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ní orúkọ tó ń jẹ́ níwájú Jésù. Yóò wẹ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀.