Àpótí Ṣọ́ọ̀kì Jùmọ̀kẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, òfófó kan ń yún mi lẹ́nu, ẹ ó gbọ́ ọ lónìí!

Ìsinmi ọdún 1954 ni. Òfin ìjọba tuntun dé, ni wọ́n bá kó àwọn tíṣà jọ sí iléèwé kan ní Òkè-Ìlá, l'Ádó-Èkìtì, kí wọ́n kọ́ bí wọn yóò ṣe máa fi òfin ọ̀hún kọ́ ọmọ. Jùmọ̀kẹ́ wá láti Igbemo. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, òun ló kéré jù. Fọ́ọ̀mù tó máa gbé e wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà wà nínú báàgì rẹ̀. Kí Ọ̀gá Ọláoyè, hẹ́dímásítà rẹ̀, fọwọ́ sí i nìkan ló kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá Ọláoyè fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: "Aráàlú ló ń dìbò yan ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún wọn." Gbogbo wọn dà á kọ. Nígbà tó dọ̀sán, ìwé ò kárí, wọ́n ní kí àwọn tíṣà rán ẹnì kan sí alábòójútó ẹ̀kọ́, kó lọ gba sí i. Ọ̀gá Ọláoyè tún táì rẹ̀ ṣe.

"Èmi làgbà. Èmi ni n ó lọ."

Jùmọ̀kẹ́ dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò tíì dìbò."

Ọ̀gá Ọláoyè yíjú sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, uṣẹ́ rẹ kọ́ nìyẹn! Jókòó, bí o bá fẹ́ kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ."

Ṣé Jùmọ̀kẹ́ jókòó? Kò jókòó o! "Ohun tẹ́ ẹ kọ ṣì wà lójú pátákó, sà. Ṣé ọmọ nìkan la fẹ́ máa fi kọ́ ni, tí àwa fúnra wa ò ní í tẹ̀lé e?" Ló bá da ṣọ́ọ̀kì sórí tábìlì, ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀, ó ya bébà.

Bámidélé, tíṣà kan láti Òkè-Ìlá, bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n! Mú bébà tèmi wá."

Wọ́n dìbò, wọ́n kà á. Ta ló wọlé? Ọ̀gá Ọláoyè náà ni!

"Ẹ̀yin gan-an lèmi náà dìbò fún, sà," Jùmọ̀kẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n ní báyìí, àwa la rán yín."

Ọ̀gá lọ, ó gba ìwé bọ̀. Àmọ́ fọ́ọ̀mù? Kò fọwọ́ kàn án. Odindi ọdún kan sí i ni Jùmọ̀kẹ́ fi wà ní Igbemo.

"O ò kúkú lè panu mọ́!" ìyá rẹ̀ pariwo.

"Màmá, tí mo bá panu mọ́, kí ni mo fẹ́ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Àpótí ṣọ́ọ̀kì yẹn náà, tó gbé bọ̀ láti Adó, ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ń yan mọ́nítọ̀ ní gbogbo táàmù.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀kọ́ tá ò lè fi hùwà, ariwo ẹnu lásán ni. Ká bọ̀wọ̀ fágbà dáa, àmọ́ ọ̀wọ̀ ò ní ká gbé òtítọ́ mì.

Ìwọ ńkọ́? Ká ní fọ́ọ̀mù tìẹ ló wà nínú báàgì yẹn, ṣé wàá jókòó ni, àbí wàá dúró?