Ta Ló Ń Kọrin Nínú Bèbí?

Bí ọdún bá ti ń kógbá sílé, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alábẹ́rẹ́ kì í rí ibi fẹsẹ̀ sí. Gbogbo àjákù aṣọ tó ti ń tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni yóò dà sílẹ̀, tí yóò máa fi rán bèbí fún ọmọ àwọn tí owó wọn kì í kọjá oúnjẹ àti owó ilé. Kì í pe èrò jọ kó tó pín in. Abẹ́ aṣọ tí òbí bá wá gbà ló máa ń tọ́jú u sí, kí òbí fúnra rẹ̀ lè gbé e fún ọmọ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ó ní ẹ̀bùn tó bá dójú ti òbí, kí ni ọmọ fẹ́ fi ṣe?

Lọ́dún yìí, ọgbọ́n tuntun dé. Ọkùnrin tó ń ta káàdì ìkíni ní ṣọ́ọ̀bù kejì fún un ní àwọn káàdì tó ti fàya, irú èyí tó máa ń kọrin béèyàn bá ṣí i. Ìyá Alábẹ́rẹ́ yọ ẹ̀rọ orin inú wọn, ó tì wọ́n bọ inú òwú bèbí. Tẹ ikùn bèbí, orin dé. Aránṣọ tó gbọ́n ni, ó ti rò ó pé bátìrì á kú lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, kò fi ẹ̀rọ rán ẹ̀yìn bèbí pa. Ó kàn fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán an fẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń gán aṣọ oníbàárà tó fẹ́ wá wọ̀ ọ́ wò, kó lè rọrùn láti tú. Orí rẹ̀ sì wú sí ọgbọ́n yìí ju bó ṣe yẹ lọ.

Kérésìmesì ku díẹ̀ nígbà tí Alágbàfọ̀, obìnrin tó ń fọ aṣọ kiri ilé onílé, yọjú tòun ti bèbí tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó pọn àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kí-nìyẹn tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọmọ yẹn kì í rí nǹkan kó má béèrè. Wọ́n ní ìbéèrè ló fi kígbe nígbà tí wọ́n bí i.

Alágbàfọ̀ ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lòun fi bèbí náà pamọ́ sí, àmọ́ Kí-nìyẹn ti tú u jáde, orin náà sì ti dákẹ́ láti àárọ̀. Ìyá Alábẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní bátìrì ló kú. Ó gba bèbí, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Òwú tó fi gán an ti tú. Ó ti ìka bọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ orin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì roboto tó rí bíi bọ́tìnnì ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó gbọn gbogbo òwú inú bèbí sílẹ̀, kò rí i. Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu, torí bátìrì ò lẹ́sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá wọ yunifọ́ọ̀mù tuntun wò ti ń gbọ́ wọn. Ó lóṣòó níwájú Kí-nìyẹn, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé ta ló tú ẹ̀yìn bèbí.

"Èmi ni, mà. Mo fẹ́ rí ẹni tó ń kọrin."

"Ṣé o rí i?"

"Rárá, mà. Nǹkan dídán kan ni mo rí. Mo gbé e sórí ẹní."

"Ta ló wà lórí ẹní?"

Kí-nìyẹn na ìka sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

Gbogbo wọn yíjú sí ọmọ ọwọ́ náà. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ti rin ẹ̀yìn aṣọ ìyá rẹ̀. Alágbàfọ̀ ní kò fẹnu kan ọmú láti àárọ̀, ó sì ń wúkọ́, òun rò pé eyín ló ń hù ni. Ìgbà yẹn ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ mọ ibi tí bátìrì wọlé sí. Ó na ọwọ́ sí búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì, ó ní kí ọmọ gbé òkèlè kan mì, kó lè tì í lọ sísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má fún un ní nǹkan kan, Màmá. Ẹ má sì fọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Bátìrì yìí, bó bá há sọ́fun, ńṣe ló máa ń jó ẹran ara níbẹ̀, kì í sì í pẹ́ rárá. Ọsibítù ló kàn."

Alágbàfọ̀ béèrè bóyá wọn ò lè dúró kí ọmọ yà á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́.

"Ojú lásán ò lè mọ ibi tó wà," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Wọ́n gbọ́dọ̀ ya àwòrán inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọn ò tilẹ̀ rántí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ní ọsibítù, àwòrán fi í hàn: nǹkan roboto kan jókòó sí ọ̀fun ọmọ. Àwọn dókítà yọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀fun rẹ̀ ti ń jó, ó sì máa lo ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n yóò yè. Wọ́n ní ká ní wọ́n dúró ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yíwọ́.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ò lè wo ojú Alágbàfọ̀. Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, oore lẹ ṣe fún mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju èébú lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìyá Alábẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún òbí kankan. Ó gba gbogbo bèbí padà, ó yọ orin inú wọn, ó sì fi ẹ̀rọ rán ẹ̀yìn wọn ní àránpadà, kí ọwọ́ ọmọ má lè tú u. Lẹ́yìn náà ló gbé ti Kí-nìyẹn lọ sí ọsibítù. Ọmọ náà tẹ ikùn bèbí, ó tún un tẹ̀.

"Màmá, ta ló máa wá kọrin?"

"Ìwọ ni."

Kí-nìyẹn rò ó díẹ̀. Ó gbé bèbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣàánú ọmọ aláìní nígbà Kérésìmesì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, kẹ́ ẹ tó gbé ohun ìṣeré fún ọmọ, yálà tuntun tàbí àlòkù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí bátìrì roboto bá wà níbẹ̀ tí wọn ò fi síkúrúù de ìdérí rẹ̀ pa, ẹ má gbé e fún un. Èyí tó ti kú pàápàá léwu, ẹ má jù ú sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fura pé ọmọ ti gbé e mì, ẹ má fúnra yín tọ́jú rẹ̀ nílé: kò sí oúnjẹ, kò sí omi, kò sí pé ẹ mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé bátìrì lẹ fura sí.

Bèbí lè dákẹ́. Ọmọ la ò fẹ́ kó dákẹ́.