Aṣọ Wẹ́wẹ́ Lórí Okùn

"Ṣìọ̀!"

Sọ̀fíyátù ju òdòdó oníbébà náà sórí ẹní bí ẹni ń ju eegun ẹja nù. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Lagos Town, ní ìlú Accra. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, na ẹsẹ̀ síwájú lórí ẹní, ó ń ká bébà ìnujú pọ̀, ó ń fi òwú so ó láàárín, ó sì ń rọra tú u ní ewé kọ̀ọ̀kan títí yóò fi là bí òdòdó. Ó ti ṣe mẹ́tàdínlógún láti àárọ̀. Agolo mílíìkì mẹ́fà tó fi àjákù ańkárá wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú okùn gígùn kan tó fi sítáàṣì lẹ àjákù aṣọ onígun mẹ́ta mọ́.

"Kí ni òdòdó ṣe fún ọ tí o fi ń jù ú?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Ìyá Àgbà, ẹ tiẹ̀ wò ó. Bébà ìnujú, agolo, àkísà. Ṣé béébì ṣáwà la fẹ́ ṣe ni, àbí a fẹ́ pàtẹ ààtàn?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mú bébà mìíràn, ká a dáadáa."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Sọ̀fíyátù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ẹ óò rò pé òun ló kọ́ àwọn àgbà ní ìrìn. Kò sí ohun tí kì í yọ ṣùtì sí. Ó yọ ṣùtì sí sóbóló tí wọ́n fi ìṣápá sè nílé, nítorí pé kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ lára ìgò rẹ̀. Ó yọ ṣùtì sí Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé, ó ní èdè àwọn arúgbó ni. Bí wọ́n bá pè é ní Yorùbá, Twi, èdè àwọn ará Ghana, ni yóò fi dáhùn, yóò sì gbójú sókè bí ẹni tí òpó iná ń bá sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, béébì ṣáwà yìí, ayẹyẹ tí wọ́n fẹ́ fi yẹ́ aláboyún sí ní ọjọ́ Sátidé, kì í ṣe ohun eré. Bùkọ́lá, ìyàwó Súràjùdéènì ẹ̀gbọ́n Sọ̀fíyátù, wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ. Ọdún méjì sẹ́yìn, ó gbé oyún mìíràn lọ sí ọsibítù, ọwọ́ òfo ló gbé bọ̀ wálé. Láti ìgbà tí ó ti lóyún yìí ni oorun ti ń sá fún un, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru sókè. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ìpayà bá a, kí àyà rẹ̀ balẹ̀, kí ọmọ náà lè dé ní àlàáfíà. Ìdí nìyẹn tí Súràjùdéènì fi ní kí wọ́n pe àwọn obìnrin díẹ̀, kí wọ́n bá a ṣeré, kí ó rẹ́rìn-ín.

Bùkọ́lá fúnra rẹ̀ ló yan ẹni tí yóò ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. "Eyínfúnjowó ni kí ó ṣe é fún mi," ó ní. "Ọwọ́ rẹ̀ dára."

Sọ̀fíyátù ni ó ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọjọ́ tí Bùkọ́lá wọlé wọn, tí Sọ̀fíyátù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó wo eyín rẹ̀ tó funfun, ó sì fi orúkọ náà jíǹkí rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ó jẹ́ ti Yorùbá, orúkọ yẹn nìkan ni ọmọbìnrin yìí kò yọ ṣùtì sí rí.

"Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn," Ìyá Àgbà wí, ó sì dá ọwọ́ dúró. "Aṣọ ọmọ kò gbọdọ̀ sí nínú ọ̀ṣọ́ yìí. Ì báà jẹ́ aṣọ gidi, ì báà jẹ́ èyí tí o fi bébà gé. Ìyá ọmọ là ń yẹ́ sí. Ọmọ kò tíì dé."

"Bí mo bá kọ́ ọ ńkọ́? Ṣé ilé máa wó ni?"

"Má kọ́ ọ."

Sọ̀fíyátù mú bébà mìíràn, ó rẹ́rìn-ín nínú. Èèwọ̀ ayé Nóà, ó wí fún ara rẹ̀. Àwọn arúgbó yìí, òjò tó ń rọ̀ pàápàá, wọ́n á ní èèwọ̀ ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ní ilé ẹ̀kọ́, Zuweira fa fóònù rẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì. Ọ̀rẹ́ Sọ̀fíyátù ni Zuweira, àdúgbò Madina ló ti ń wọ tròtrò, ọkọ̀ akérò, wá sí ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí ayẹyẹ tí kì í ní àwòrán rẹ̀. Ó fi béébì ṣáwà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin hàn wọ́n: bálúùnù aláwọ̀ wúrà yí ẹnu ọ̀nà ká, okùn kan sì ta kọjá lára ògiri, tí wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì kọ́ aṣọ ìkókó wẹ́wẹ́ sí.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin ńkọ́?" Zuweira béèrè. "Mo gbọ́ pé ẹ̀yin Alata, tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ fi ń ṣe tiyín."

Alata ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá ní Accra. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Sọ̀fíyátù dé gbòǹgbò irun. Ó rántí òdòdó Ìyá Àgbà, ó sì kórìíra wọn bí ẹni pé àwọn òdòdó náà ló bú u.

"Wá lọ́la," ó dáhùn. "Wá, kí o sì gba iná sí fóònù rẹ dáadáa. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ lára wa."

Ní ọ̀sán Sátidé, Ìyá Àgbà mú Bùkọ́lá lọ sí ọ̀dọ̀ onídìrí, kí ó má bàa rí ọ̀ṣọ́ náà kí wọ́n tó parí rẹ̀. Kí ó tó jáde, ó pe Sọ̀fíyátù.

"Bí òwú bá tán, òmíràn wà nínú agolo bísíkíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Báàgì funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má tú u."

Òwú kò tilẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún irú ọmọ yìí pé kí ó má tú nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un. Ó wọlé, ó fa báàgì náà síta, ó sì tú u.

Aṣọ ìkókó ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wù kéékèèké mẹ́sàn-án, ìbọ̀sẹ̀ tí kò gùn ju ìka lọ, àti fìlà yẹ́lò kan tó rọ̀ bí òwú. Ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ wọ́n rí, káàdì ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà wọ́n ní Adabraka ṣì so mọ́ wọn lára.

Sọ̀fíyátù pàtẹ́wọ́. "Háà! Ẹ wo àgàbàgebè! Àṣé àwọn fúnra wọn ti ra aṣọ ọmọ pamọ́, tí wọ́n wá ń fi èèwọ̀ dẹ́rù bà mí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú ju oúnjẹ lọ. Ó wá rò ó pé òun ti ká àgbà mọ́ ibi irọ́. Ó kó gbogbo òdòdó Ìyá Àgbà sínú àpò ìrẹsì, ó tì wọ́n sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwọn agolo. Ó ta okùn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, ó fi pẹ́ẹ̀gì kọ́ ẹ̀wù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó kọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì fi fìlà yẹ́lò sí àárín gbùngbùn, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni tó bá wọlé yóò ti kọ́kọ́ bà á.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, àwọn obìnrin ti pé. Wọ́n ń jẹ bofrot, ìyẹn pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, wọ́n ń mu sóbóló, wọ́n ń yin ọ̀ṣọ́ náà. Zuweira pàápàá yí ẹnu padà. "Eii, ó dára paa," ó wí, ó sì ń ya àwòrán láti ọ̀tún dé òsì. Orí Sọ̀fíyátù wú.

Ni Bùkọ́lá bá wọlé, irun rẹ̀ ń dán, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn obìnrin hó yè. Ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ó gbójú sókè, ẹ̀rín náà sì kú.

"Ta ló kó aṣọ ọmọ mi síta?" Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo yàrá fi dákẹ́ láti gbọ́.

"Èmi ni, Àǹtí!" Sọ̀fíyátù fò síwájú. "Ṣé ó wù yín?"

Bùkọ́lá rìn lọ síbi okùn, ó yọ fìlà yẹ́lò náà, ó fi í lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àlejò. Igbe tó wá ké, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ níbi ayẹyẹ. Ìyá Àgbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ju báàgì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbá a mọ́ra. Súràjùdéènì sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Kí wọ́n tó dé ọsibítù, orí ti ń fọ́ Bùkọ́lá, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀.

Zuweira fi fóònù rẹ̀ sínú àpò, ó fa imú rẹ̀ sókè. "Ẹ̀yin Alata yìí, béébì ṣáwà lásán, ẹ sọ ọ́ di ilé òkú." Ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Sọ̀fíyátù dúró láàárín ẹ̀wù mẹ́sàn-án, ó wá mọ bí ṣùtì ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n ń yọ ọ́ sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà jókòó, ó ń ká àwọn aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bùkọ́lá ló ra wọ́n," ó wí láìgbójú sókè. "Nínú oyún àkọ́kọ́ ni. Ó sá wọn sórí okùn nínú yàrá rẹ̀, ó ń wò wọ́n láràárọ̀. Nígbà tó ti ọsibítù dé láìgbé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n ṣì wà lórí okùn. Ilé ẹ̀kọ́ onílé-gbígbé ní Kumasi lo wà nígbà náà, o ò rí i. Èmi ni mo ká wọn. Ó ní kí n má sọ wọ́n nù, ó ní kí n má sì jẹ́ kí òun fojú kàn wọ́n mọ́."

Omijé gba ojú Sọ̀fíyátù. "Ìyá Àgbà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Èèwọ̀ àtijọ́ ni mo pè é."

"Ọdún méjì péré ni èèwọ̀ yẹn nínú ilé yìí. O béèrè bóyá ilé máa wó, o ò béèrè ìdí. Ká ní o béèrè, ǹ bá sọ fún ọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Bùkọ́lá lò kí ó tó padà sílé. Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n.

"Mo ti gbọ́," Bùkọ́lá wí. "Dìde, Sọ̀fíyátù."

Sọ̀fíyátù. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni, síbẹ̀ ó dún létí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, méjì kọjá. "Sọ̀fíyátù, bá mi bu omi." "Sọ̀fíyátù, o ṣeun." Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí Eyínfúnjowó.

Ó padà sórí ẹní. Lójoojúmọ́, bó bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó ń bá Ìyá Àgbà ká bébà ìnujú. Ibẹ̀ ló ti wá rí i pé iṣẹ́ tó ń fi ṣẹ̀sín kò rọrùn fún ọwọ́ rẹ̀ rárá. Bébà náà ń ya, òwú ń já, àwọn òdòdó rẹ̀ àkọ́kọ́ sì rí bí adìyẹ tí òjò pa. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí, òun náà sì rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, èyí tí kò ṣe rí.

Bùkọ́lá bí ọkùnrin, tìyá tọmọ yè. Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn àlùfáà ṣe àdúrà, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní Ádámù. Òdòdó bébà ìnujú ló bo ògiri yàrá ìkómọ, òdòdó wà nínú àwọn agolo aláńkárá, àjákù aṣọ onígun mẹ́ta sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé. Sọ̀fíyátù kò ya àwòrán kankan. Ó dúró lẹ́yìn pátápátá, nídìí ilẹ̀kùn.

Bùkọ́lá gbójú sókè, ó wo ògiri yíká. "Ta ló ṣe àwọn òdòdó wọ̀nyí?"

"Ìyá Àgbà ni, Àǹtí," Sọ̀fíyátù dáhùn ní Yorùbá tó já gaara. "Àwọn tó wọ́ nísàlẹ̀ yẹn ni tèmi."

Bùkọ́lá wo àwọn èyí tó wọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì na ọmọ náà síwájú.

"Eyínfúnjowó," ó wí, "wá gba ọmọ rẹ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá kìlọ̀ ohun kan fún yín tí kò yé yín, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó yọ ṣùtì sí i. Sọ̀fíyátù kò béèrè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí aṣọ ọmọ tó ń gbé lọ́wọ́ yìí náà di ohun tí wọ́n ká pamọ́ sínú báàgì funfun, bíi ti àkọ́kọ́.